Ó Ku Igi Kan

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí mi ò tíì ga ju táyà ọkọ̀ agbégilódò lọ, inú igbó ni bàbá mi ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wa. Kì í ṣe àgbẹ̀, kì í sì í ṣe ọdẹ. Àwọn agégi á gé igi lulẹ̀, wọ́n á gé e sí ìtì, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Bàbá mi ló kù tí yóò wá ọ̀nà tí ìtì igi tó wúwo ju màlúù márùn-ún lọ yóò gbà dé orí ọkọ̀. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń gbé ní àdúgbò Abu Shagara àti Rolla ní Sharjah, ilẹ̀ Lárúbáwá, lónìí, tí ẹ ń rí fọ́kílífùtù tó ń fi ìka irin méjì gbé ẹrù sókè bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀, ẹ lè rò pé àlọ́ ni mò ń pa. Mo mọ̀ pé bí àgbà bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "nígbà tiwa", ẹ ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ ṣáà ní sùúrù fún mi.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn lẹ́nu mi. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń bínú sí bàbá mi nítorí ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi. Ìbínú náà ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tí ojú mi rí ní Sharjah níbí, tí kò jẹ́ kí n lè bínú sí i bí mo ṣe ń bínú tẹ́lẹ̀.

Gbogbo irinṣẹ́ tí à ń lò nígbà náà, bàbá mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Igi gígùn méjì ló ṣáájú, igi tó gbó tó sì le, tí a máa ń gbé ìdí wọn sílẹ̀, tí a sì ń gbé orí wọn ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Orí igi méjèèjì yìí ni ìtì yóò gbà yí gòkè. Okùn méjì tẹ̀lé e, okùn ọkọ̀ ojú omi tó nípọn bí ọrùn ọwọ́, tó rà lálòkù. A ó so ẹnu okùn mọ́ ara ọkọ̀, a ó mú un gba abẹ́ ìtì, a ó dà á gba orí rẹ̀ padà, a ó wá jù ú sí òdìkejì ọkọ̀, níbi tí ọkùnrin mẹ́fà ti ń dúró dè é. Bí wọ́n bá ti ń fà á, ìtì á máa yí gòkè díẹ̀díẹ̀, bí ọ̀lẹ tí wọ́n ń jí lórí ẹní.

Àmọ́ kò sí ọkùnrin mẹ́fà tó lè fa igi láìmí. Ìgbà tí wọ́n bá sì ń mí gan-an ni igi máa ń pààyàn, torí ìgbà náà ló máa fẹ́ yí padà wálẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi ṣe ohun tó ń pè ní Màpadà. Ègé igi líle ni. Ó gbẹ́ ẹ kí ẹnu rẹ̀ fẹ́lẹ́ kí ìdí rẹ̀ sì nípọn, ó kàn án mọ́ orí ọ̀pá gígùn, kí ẹni tó mú un lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má bọ́ sábẹ́ igi. Màpadà méjì la ní, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ló ń di ọ̀kan mú. Èmi ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mò ń di èkejì mú. Bí ìtì bá ti yí gòkè díẹ̀, a ó ti Màpadà sí ìdí rẹ̀, a ó fi gbogbo ara tẹ ọ̀pá náà, àwọn afokùn á sì mí.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Awakọ̀ agbégilódò ti ṣèlérí pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun yóò gbà á síṣẹ́, òun yóò sì kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà. Bí a bá délé, á jókòó sórí àpótí, á di ìdérí ìkòkò ìyá wa mú bí ẹni di ọwọ́ ọkọ̀ mú, á máa fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ bí ẹni tẹ bíréèkì. Èmi ni èrò ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó ti gbé mi dé Ìbàdàn, ó ti gbé mi dé Kánò, láìkúrò ní ẹ̀yìnkùlé.

Òfin kan wà tí bàbá mi fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe: a kì í kíni nídìí igi. Bí ìtì bá ti wà lórí igi méjèèjì, ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀, ì báà ṣe ọba, kó dúró lọ́ọ̀ọ́kán kí igi jókòó ná. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ tó bá rí àgbà, ara rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí orí rẹ̀ tó mọ̀. Bàbá mi mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ilé lè pa èèyàn níbi iṣẹ́ yẹn, ó sì kìlọ̀ fún wa títí ẹnu fi fẹ́ bó o.

Ó wá di ọjọ́ kan, olówó igi wá fúnra rẹ̀. Ọkùnrin ńlá ni, aṣọ rẹ̀ funfun nínú igbó tí ohun gbogbo ti pupa. Ó kọjá lára mi, mi ò kí i, torí igi wà lókè. Nígbà tí igi jókòó tán, ó pe bàbá mi, ó ní, "Ọmọ rẹ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́." Mo rò pé bàbá mi yóò ṣàlàyé òfin fún un. Gbólóhùn kan péré ló máa gbà á. Ó ní, "Ẹ má bínú, sà," ó mú ìdí okùn, ó nà mí lójú ọkùnrin náà títí tó fi ní ó tó. Kò tún sọ̀rọ̀ òfin náà fún mi lẹ́yìn ìgbà náà, bóyá ó ṣì dúró, bóyá ó ti yẹ̀. Mi ò sì bi í.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ìtì mẹ́ta ti wà lórí ọkọ̀, ìkẹrin wà lágbedeméjì, àwọn afokùn ń mí. Mo gbọ́ tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn mi. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí aṣọ funfun. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fojú inú wò ó: ọmọ ọdún mẹ́wàá, àpá okùn ṣì ń ta á lẹ́yìn. Mi ò ronú rárá. Mo gbọ́ tí ọ̀pá Màpadà ṣubú, mo gbọ́ tí igi dún. Ìtì náà yí padà lápá tèmi, ó wọ́, ó já bọ́ lápá tẹ̀gbọ́n mi. Ó bọ́ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ lókè ọrùn ẹsẹ̀.

Wọ́n fi ọ̀pá gbé igi kúrò lára rẹ̀. Ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jìn tó ìrìn ìdajì ọjọ́ lójú ọ̀nà igbó, kò sì sí ọkọ̀ míì ju agbégilódò yẹn lọ. Olówó igi wo ẹ̀gbọ́n mi, ó ní pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ó wo ojú ọ̀run. Òjò ń ṣú. Bí òjò bá rọ̀, ọ̀nà á di ẹrẹ̀, ọkọ̀ ò sì ní lè padà wá mú igi yẹn títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Ó ní, "Ó ku igi kan. Ẹ jẹ́ ká gbé e, ká jọ máa lọ."

Bàbá mi wo ọmọ rẹ̀. Ó wo olówó igi. Ó ní, "Ó dáa, sà."

Wọ́n to igi méjèèjì padà, wọ́n gbé okùn. Ẹlòmíì di Màpadà mi mú. Èmi jókòó tí mo gbé orí ẹ̀gbọ́n mi lé itan. Kò ké. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á la ojú, á bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti gbé e?" Èmi á ní ó kù díẹ̀. Òjò bá wa lójú ọ̀nà, ọkọ̀ rì, ọjọ́ kejì la tó débẹ̀. Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà ní orúnkún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò wa ọkọ̀ láyé rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ rédíò títúnṣe, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa, ó fi tọ́ ọmọ. Kò bi mí léèrè Màpadà rí, kò sì bá bàbá wa jà. Èmi ni mo bá a jà, nínú ikùn mi. Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu lásán ni mo fi ń kí bàbá mi. Nígbà tó kú, mo ti Èkó wálé, mo bù yẹ̀pẹ̀, mo dà á sí i, omi kan ò bọ́ lójú mi. Ohun tí mò ń wí ní ọkàn mi ni pé, irú èèyàn wo ló máa wà láàárín ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ àti igi olówó, tó máa yan igi?

Ẹ jẹ́ ká wá fi igbó sílẹ̀. Bí mo ṣe dé Sharjah, bí ti gbogbo yín náà ni. Mo wá ra ọjà ní Deira, ní Dubai, lẹ́ẹ̀mejì, ọjà náà kò jẹ́ mọ́, mo wáṣẹ́, mo dúró. Bedspace, bẹ́ẹ̀dì kan péré nínú yàrá tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ háyà, ni mo wà ní Rolla títí di òní olónìí, àgbàlagbà bíi tèmi, lórí bẹ́ẹ̀dì alákàbà, abẹ́ ni wọ́n fún mi torí eegun ẹ̀yìn. Ọ̀gá mi jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ó fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kéré sí mi, ó ń pè mí ní Bàbá, èmi náà ń pè é ní ọ̀gá, torí orúkọ kọ́ńpìnnì rẹ̀ ni visa mi wà. Ẹ wá wo iṣẹ́ tí orí gbé mi pàdé: ìtì igi. Igi láti Áfíríkà ni, kọntéínà á gbé e dé èbúté Jebel Ali, ọ̀gá á kó o wá sí yáàdì rẹ̀ níbí, àwọn tó ń ṣe àga àti àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi á wá rà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ọ̀kan, tí mo gbọ́ òórùn rẹ̀, igbó wa ló padà wá sí mi lọ́kàn.

Ọ̀gá kì í fẹ́ háyà fọ́kílífùtù. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò lè ronú something?" Mo ronú. Mo gbé páìpù irin méjì ti ẹ̀gbẹ́ píkọ́ọ̀bù, mo ra okùn ní Deira, mo ní kí wéldà jó Màpadà onírin méjì fún mi. Ẹ ò ní gbà á gbọ́, orí mi wú. Àwọn èèyàn ṣọ́ọ̀bù tó yí wa ká wá wò ó, wọ́n ń ya fídíò. Èmi tí mo ti ń bínú sí bàbá mi láti gbogbo ọdún yìí wá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ń yangàn ní ilẹ̀ onílẹ̀.

Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá bá wa ṣiṣẹ́ ní òpin ọ̀sẹ̀. Mo kọ́ wọn ní òfin: a kì í kíni nídìí igi. Kò ni wọ́n lára, ṣé ẹ rí i, etí wọn ti dí pẹ̀lú waya orin, ẹni tí wọ́n máa kí gan-an wọn ò rí i. Ọ̀kan yàtọ̀ nínú wọn. Ó ń kàwé ní Dubai, metro àti bọ́ọ̀sì ló ń wọ̀ wá. Ọmọ tó ní ìtẹríba, tó máa ń pè mí ní Bàbá wa. Mo sọ ìtàn ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi fún un nígbà tí à ń jẹun. Ó gbé ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bàbá wa, that man wicked o. Àti bàbá yín gan-an, ẹ má bínú o, but how can?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, ọmọ mi. Inú mi dùn pé ẹnì kan bá mi dá a lẹ́jọ́.

Ọ̀sán Sátidé kan, ìtì kan ṣoṣo ló kù tí a fẹ́ gbé sórí ọkọ̀. Àṣìṣe náà, tèmi ni. Nínú igbó wa, ilẹ̀ le, ìdí igi á kàn wọlé díẹ̀, á dúró. Iyanrìn kò rí bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí n fi pákó sí ìdí páìpù. Mo mọ̀ ọ́n, ojú ni mo fi fò ó lọ́jọ́ yẹn. Páìpù kan rìn, ìtì fì, ó já bọ́, ó gba orí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Bàtà kánfáàsì ló wọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti kún bàtà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

A gbé e sí ibòòji kọntéínà. Ọ̀gá jáde ní ọ́fíìsì, ojú rẹ̀ fà ro, ó ní, "Haa, àbúrò, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́." Ó wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò pariwo, kò halẹ̀. Ó ní, "Bàbá, driver yìí ní job míì ní two o'clock, customer sì ń call mi. Igi kan ló kù now. Ẹ jẹ́ ká finish ẹ̀, khalas, ó parí, pickup yẹn náà á gbé e lọ sí hospital. Tí a bá pe ambulance, wọ́n á béèrè question. Ọmọ yìí ò ní permit iṣẹ́. Visa tiyín náà..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà, kò sì nílò kó parí ẹ̀.

Ọmọ náà ń wò mí. Fóònù wà ní àpò àyà mi.

Mo ní, "Ó dáa, ọ̀gá."

Mo fi pákó sí ìdí páìpù méjèèjì, mo ṣe é bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é. Ìtì náà gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, kò tiẹ̀ fì. Ó gbà wá tó wákàtí kan. Bí a ṣe ń fà á, ọmọ náà fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ di ẹsẹ̀, ó ń sọ fún wa láti ibòòji pé, "No wahala, Bàbá wa, ẹ ṣe é jẹ́jẹ́ o." Mo ń sọ fún ara mi pé ààbò rẹ̀ ni mò ń wá, kí wọ́n má baà dá a padà sílé. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń sọ ọ́ fún ara mi.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà bi í pé ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀. Ó wo ojú mi, ó yí padà sí dókítà, ó ní, "Just now, sir." Mo gbọ́ òyìnbó dáadáa. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó. Wọ́n gé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì. Bóyá wákàtí yẹn ló fà á, bóyá òun kọ́, dókítà kò sọ, èmi kò sì béèrè. Mi ò fẹ́ mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá rẹ̀ pè láti ilé, wọ́n gbé fóònù fún mi. Ó ń sunkún, ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ dúró tì í. Ẹ ti ṣe bàbá fún un níbi tí a ò sí. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ẹ rí ìbànújẹ́ lórí ọmọ." Mo ní, "Àmín." Kí ni mo fẹ́ sọ? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà. Mo ń wo orí ọmọ náà bó ṣe ń wọ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, òótọ́ ni pé ayé ti yí padà. Bàbá mi wà nínú igbó, òjò ń ṣú, ilé ìwòsàn jìnnà, ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, olówó igi ló ni ín. Bó tilẹ̀ fẹ́ jà, kí ni ì bá fi jà? Èmi wà láàárín ìlú, ọ̀nà ọ̀dà ni, ilé ìwòsàn kò tó ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ọkọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta péré ni mo ní láti tẹ̀. Gbogbo ohun tí kò ní ni mo ní, kò sì dí mi lọ́wọ́ láti sọ ohun tó sọ. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ti wo ẹ̀yìn, bàbá mi ni mo rí níbẹ̀, mi ò sì mọ ojú tí mo máa fi wò ó.

Wọ́n ti sọ visa mi dọ̀tun lóṣù tó kọjá, fún ọdún méjì. Ọ̀gá ti ra fọ́kílífùtù alòkù kan, páìpù méjèèjì ti wà lẹ́yìn ògiri, iyanrìn ti ń bò wọ́n. Ọmọ náà ti padà sí kíláàsì, ó ń tiro díẹ̀, ó sì ń kí mi bí ó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀.

Nígbà tiwa, lẹ́tà láti òkè òkun lè pẹ́ tó oṣù méjì lójú ọ̀nà, èèyàn á ti mọ ohun tó máa sọ kí ó tó dé. Lónìí, ẹnì kan á wà ní abúlé, á tẹ nọ́ńbà, a ó gbọ́ ohùn rẹ̀ ní Rolla kí a tó yí ọrùn. Ẹ̀gbọ́n mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀ yìí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo ń wo orúkọ rẹ̀ lójú fóònù títí tó fi dákẹ́.